Ìkòkò Èéhù Mẹ́rin

Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá ìyá ọkọ mi pọn ọtí láìgbé ẹ̀kán rẹ̀ mì. Mo lè bu díẹ̀ sẹ́nu, kí n fi ahọ́n yí i ká, kí n sì sọ bóyá ó ti kan tó tàbí ó ku ọjọ́ kan. N kì í ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń tu ú dà sí, n ó sì fi omi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ̀ ọ́ fún mi. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo gbé dàgbà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni iṣẹ́ wọn, mo sì ti mọ̀ ọ́n pọn kí n tó ka ìwé mẹ́fà tán. Ẹni tó bá ti pọn ọtí rí mọ̀ pé kì í ṣe àgbàdo lásán ni a fi ń pọn ọ́n, èéhù ni. A ó rẹ ọkà sínú omi, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé mìíràn bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i títí yóò fi yọ ẹnu funfun. Èyí tó bá hù ni èéhù. Òun ni a ó sá gbẹ, tí a ó lọ̀, tí a ó sè, tí yóò dùn kí ó tó kan. Èyí tí kò bá hù, ńṣe ni yóò bu, yóò sì ba àwọn tó kù jẹ́. Nítorí náà, ohun tí gbogbo ọlọ́tí ń wá kiri ni ọkà tí yóò hù tán pátá, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn òmìnira, irúgbìn àgbàdo tuntun kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn oko wa. Wọ́n ti fi oògùn pa á lára nítorí kòkòrò, àwọn tó ń pín in sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé gbígbìn nìkan ló wà fún, kì í ṣe jíjẹ. Ó ṣe etí mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oko tí wọ́n rí bí ó ṣe hù, poro dé poro, láìsí ibi kan tó fò, ojú ọlọ́tí ni wọ́n fi wò ó.

“Ọkà tó ń hù báyìí,” wọ́n ní, “inú ilẹ̀ la wá ń sọ gbogbo rẹ̀ sí?”

Wọ́n bu èyí tó ṣẹ́kù wálé, wọ́n sì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Èmi ni mo pọn omi rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí omi osùn. Ìkejì pọ́n díẹ̀. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìkẹrin mọ́ gaara.

Mo ní, “Màmá, ṣé kò ní í ṣe nǹkan?”

Wọ́n ní, “Ṣé o ò rí omi yẹn ni? A ti fọ̀ ọ́.”

Àṣà tiwa ni pé ẹni tó pọn ọtí ni yóò kọ́kọ́ mu ún, lójú àwọn tí yóò mu ún lẹ́yìn rẹ̀, wọn yóò sì rí i pé ó gbé e mì. Nígbà tí ọtí náà kan tán, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mu ahá kan, igbá kékeré tí a fi ń mu ọtí. Obìnrin aládùúgbò wa kan mu ìdajì. Èmi gbé ẹnu méjì mì. Ó dùn. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á dáadáa: kò sí ohunkóhun nínú adùn rẹ̀ tí ènìyàn ìbá fi fura. Kí òòrùn tó yí sí ìwọ̀-oòrùn, ara àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dákẹ́ lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Aládùúgbò wa yè é, èmi náà yè é. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọwọ́ mi tó lè gbé ṣíbí dé ẹnu láìda nǹkan sílẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo lọ sílé ọkọ ní Ẹ̀jìgbò. Ọkọ mi padà sí Àbíjàn níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fi mí sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi náà ti gbé Àbíjàn rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Faransé díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu wọn, pàápàá tí inú bá ń bí wọn. Ọtí ni àwọn náà ń pọn, àwọn ló sì ń pọn ọtí fún ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ kan tó ń kọ ebè ní ìhà Masífà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọkùnrin ni, tí wọ́n máa ń kọ ebè iṣu fún ara wọn ní oko dé oko. Ilé tó bá gbé ọtí ọjọ́ àkọ́kọ́ wá, tí ọtí náà sì tẹ́ wọn lọ́rùn, òun ni yóò máa gbé e wá títí ọ̀wẹ̀ ọdún náà yóò fi parí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ ìyá ọkọ mi kò gbé ìkòkò mọ́. Wọ́n fẹ́ kí n gba iṣẹ́ náà, èmi náà sì fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí n kò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ṣùgbọ́n ìtàn mi ti dé Masífà ṣáájú mi. Wọ́n sọ mí ní Ọtíkọ̀yí, èyí tí ọtí kọ̀ láti pa. Bí àwọn ọlọ́wẹ̀ bá kọ ọtí ọwọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé mìíràn yóò gbà á, a sì ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Mo sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e mì lójú wọn.

Mo rò ó, mo sì rí i pé ohun tí mò ń bẹ̀rù kì í ṣe ọtí. Ohun tí n kò mọ̀ nípa ọtí ni mò ń bẹ̀rù. Mo pinnu pé n ó mọ̀ ọ́n.

Mo wá ìkòkò kékeré mẹ́rin, tí gbogbo wọn gba omi bákan náà. Mo wọn agolo ọkà méjì fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan: àgbàdo funfun fún èyí àkọ́kọ́, àgbàdo pupa fún ìkejì, ọkà bàbà pupa fún ìkẹta, àgbàdo pupa agolo kan àti ọkà bàbà agolo kan fún ìkẹrin. Mo mọ oko tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, mo sì mọ ẹni tó kó o. Mo fi èédú fa ìlà sí wọn lára kí n má baà ṣì wọ́n mú.

Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí. “Ṣé ilé-ìwé lo fẹ́ dá sílẹ̀ sínú ilé ìdáná mi ni?”

“Mo fẹ́ mọ èyí tó dára jù ni, Ìyá.”

“Èmi ti mọ̀ ọ́n. Ọkà bàbà pupa ni. Òun ni àwọn obìnrin Àbíjàn fi ń pọn ṣapaló wọn, ọkùnrin kan kì í sì í dìde nídìí rẹ̀ bí kò bá tán.”

“Àwọn ará Masífà kì í ṣe ará Àbíjàn.”

“Wí, bẹ́ẹ̀ ni,” wọ́n ní. “Àbùkù wọn nìyẹn.”

Ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣe é, kò já mọ́ nǹkan. Mo ti gbé ìkòkò kan súnmọ́ ààrò ju àwọn yòókù lọ, òun ló kọ́kọ́ kan. N kò sì mọ̀ bóyá ọkà rẹ̀ ni tàbí ooru iná. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan náà, mo fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí kan náà ta wọ́n jí kí wọ́n lè kan, mo sì ń ṣí wọn wò lákòókò kan náà lójoojúmọ́. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta kí ó lè dá mi lójú.

Ohun tí mo rí kò ṣòro láti sọ. Ọkà bàbà hù ní ọjọ́ mẹ́ta, àgbàdo gbà tó ọjọ́ márùn-ún. Àgbàdo funfun ló ya ọ̀lẹ jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò hù rárá, ọtí rẹ̀ sì ki bí ògì. Àgbàdo pupa dùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, ó sì ń ta sánsán. Ọkà bàbà ní tirẹ̀ kì í ki, ó tètè ń tòrò, ó sì mú lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ọwọ́ ra ẹnu àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tó bá gbẹ, ìkorò kan máa ń kù sẹ́yìn ọ̀fun. Èyí tí mo dà pọ̀ ni kò ní àlèébù. Ọkà bàbà mú kí àgbàdo tòrò, àgbàdo sì mú kí ọkà bàbà dùn. N kò rí èyí tó tó o títí di òní.

Nígbà náà, ahọ́n ni mo ṣì fi ń tọ́ wọn wò. Ìyálé mi kan wà nínú agboolé, mùsùlùmí, tí kì í fi ẹnu kan ọtí. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń gbé ìkòkò lọ kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

“Ẹnu mi ni Ọlọ́run kà á léèwọ̀ fún,” wọ́n ní. “Kò kan imú.” Wọ́n tẹ orí sórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ojú. Ní ìkẹrin, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. “Bí mo bá jẹ́ ọ̀mùtí, èyí ni ìbá bà mí láyé jẹ́.”

Ìyá ọkọ mi mu ahá kan nínú rẹ̀, wọ́n sì tún bu òmíràn. Nígbà tí mo tu tèmi dà sílẹ̀, wọ́n wò mí lójú kòrókòró. “Ìwọ tó ń tutọ́, ta lo fẹ́ kó mu ún?”

Èdè wa kò kúkú ṣe ọ̀kan lórí ọtí ọjọ́ ọ̀wẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ àdàpọ̀ nìkan. Ìyá ọkọ mi ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àgbàdo ni àwọn bàbá yẹn mọ̀, pé ẹni tó bá gbé ohun àjèjì lọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń wá ẹ̀sín. A pín in sí méjì. A ó fi àgbàdo pupa pọn ìkòkò ńlá, a ó sì fi àdàpọ̀ pọn ìkòkò tí kò tó ìdajì rẹ̀. Mo ti mú èéhù àdàpọ̀ hù, mo ti sá a gbẹ, mo sì ti tì í mọ́ inú àpótí mi, nígbà tí ìròyìn dé pé ara ìyá mi kò yá ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Mo ṣa àgbàdo ti ìkòkò ńlá sínú agbọ̀n, mo fi sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi kí wọ́n rẹ ẹ́, mo sì lọ. Nígbà tí ara wọn yá, tí mo padà lọ́jọ́ karùn-ún, àgbàdo náà ti hù. Ó hù dáadáa. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹyọ kan tó kọ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ọwọ́ wa ló ti já gaara sí i. A sá a, a lọ̀ ọ́, a pọn ọ́n. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò: ó dára púpọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀wẹ̀, a gbéra lọ sí Masífà. Mo ru ìkòkò kékeré, ìyàwó ilé kan ru èyí tó tóbi, ìyálé mi ru oúnjẹ, ìyá ọkọ mi sì ń fi ọ̀pá rìn níwájú. A ti rìn jìnnà kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ìkòkò ńlá náà kún ju bí mo ṣe rò lọ.

Mo ní, “Ìyá, àgbàdo tí mo ṣà sílẹ̀ kò yẹ kó kún tó báyìí.”

“Kò tó. Mo bù kún un.”

“Níbo lẹ ti rí i?”

“Àbúrò mi ọkùnrin ló fún mi. Ó ṣẹ́kù nígbà tó gbin àgbàdo ìkejì tán.”

N kò mọ ìgbà tí mo dúró. “Irúgbìn ni, Ìyá?”

“Irúgbìn, irúgbìn. Àgbàdo wo ni kì í ṣe irúgbìn?”

“Ṣé oògùn wà lára rẹ̀? Ṣé ó pọ́n?”

“Èwo ni kí ojú àgbà tèmi rí nínú ìyẹn? Ó ní eruku, mo fọ̀ ọ́.”

Mo tún tẹ̀ lé wọn títí a fi dé oko. Mò ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irúgbìn tí bàbá náà fúnra rẹ̀ fi pamọ́ sókè ààrò, tí kò sí oògùn kankan lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń gbin tiwọn nígbà náà. Ó sì ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìmọ̀ tí mo ti fi ìkòkò mẹ́rin kó jọ kò lè sọ èwo ni fún mi, nítorí n kò tíì dán àgbàdo yẹn wò rí.

Àwọn ọkùnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ìdájí. Ebè ti tò lọ títí dé ẹsẹ̀ igi. Télọ̀ kan wà láàárín wọn, ẹlẹ́yà gidi, òun ló kọ́kọ́ rí wa.

“Ẹ gbé ọkọ́ sílẹ̀ o, Ọtíkọ̀yí ti dé. Ta ló mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn?”

Bàbá tó jẹ́ olórí ọ̀wẹ̀ dá a lóhùn láìgbé ojú sókè. “Ìwọ la ó rán. Ebè tìrẹ ló kéré jù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o lọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà nu ọwọ́, wọ́n sì na ahá kan sí mi. “Ìyàwó wa, bu tìrẹ ká rí i.” Ìkòkò ńlá ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Baba, ìkòkò yìí kọ́.”

“Kí ló ṣe é?”

“N kò mọ̀ bóyá nǹkan ṣe é. Ohun tó ṣe é nìyẹn.”

“Nọ́ọ̀, nọ́ọ̀, nọ́ọ̀,” ìyá ọkọ mi ní. “Ìyàwó, má dójú tì mí níbí. Bu ọtí kí o mu.”

Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ìkòkò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan yóò mu ún. Òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n, ó sì ń ta sánsán. Mo gbá ìkòkò náà mú, mo sì dojú rẹ̀ dé sínú poro. Ọtí náà hó funfun láàárín ebè méjì, ó rin ilẹ̀, ó sì lọ. Ọgbọ̀n ọkùnrin dúró, wọ́n ń wò ó bí ó ṣe ń lọ. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ebè kan. N kò tíì rí wọn kí wọ́n jókòó sórí ebè rí.

“Láti ìgbà tí mo ti ń bọ̀ lóko ọ̀wẹ̀,” Bàbá olórí ọ̀wẹ̀ ní, “n kò rí i rí kí wọ́n fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rin ebè iṣu. Sọ tẹnu rẹ.”

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, omi ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tó mọ́ gaara, àti àgbàdo tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbígbìn. N kò dárúkọ ẹni tó bù ú kún un, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ̀.

“Èkejì yìí ńkọ́?”

“Èyí, mo mọ̀ ọ́n, Baba. Àgbàdo rẹ̀, oko ọkọ mi ni, èmi ni mo ya á lórí igi rẹ̀. Ọkà bàbà rẹ̀, ọwọ́ ìyálé mi tó dúró yìí ló ti wá. Èmi ni mo rẹ ẹ́, èmi ni mo sá a, èmi ni mo ra ẹnu rẹ̀ kúrò, kò sì sí ọwọ́ mìíràn tó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pọn irú rẹ̀ wò kí n tó gbé èyí wá.”

Mo bu ahá kan kún. Gbogbo ohun tí mo sọ, òtítọ́ ni, mo sì mọ̀ pé òtítọ́ ni, síbẹ̀ ọ̀fun mi kò gbọ́. Mo di ojú, mo gbé ẹnu kìíní mì. Ó tutù, ó dùn díẹ̀, ó mú lẹ́yìn. Mo gbé ìkejì mì, mo sì mu ún tán. Mo dojú ahá dé kí wọ́n lè rí i.

Mo ní, “Ẹ má tíì mu ún o. Ẹ kọ poro méjì sí i ná.”

“Pẹ̀lú òǹgbẹ?” télọ̀ ní.

“Pẹ̀lú òǹgbẹ, ẹ̀gbọ́n.”

Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ti parí ebè kan, télọ̀ yóò ké láti ọ̀kánkán pé, “Ṣé ó ṣì wà?” ìyálé mi yóò sì dá a lóhùn pé, “Ó wà, ó ń wò ọ́, ebè rẹ wọ́.” Mo jókòó sábẹ́ igi, mo na ọwọ́ mi síwájú, mo ń wò ó bóyá yóò gbọ̀n. Kò gbọ̀n.

Nígbà tí poro méjì náà parí, Bàbá náà wá, wọ́n bu tiwọn, wọ́n mu ún láìyọ ahá lẹ́nu. “Kò jọ èyí tí a ń mu,” wọ́n ní. Wọ́n tún bu díẹ̀. “Ó dára jù ú.” Ọtí náà kò tó wọn. Ìdajì ahá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rí, télọ̀ sì bú mi dé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò, Bàbá náà pè mí. “Ìyókù ọ̀wẹ̀ yìí, irú èyí ni kí o máa gbé wá. Kí o sì gbé e tó.”

Mo bi àbúrò ìyá ọkọ mi léèrè lẹ́yìn náà. Ó ní irúgbìn méjì lòun ní lọ́dún náà, tòun àti èyí tí wọ́n pín, òun kò sì mọ èyí tóun bù fún ẹ̀gbọ́n òun. Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo dà sínú poro yẹn. Ó lè jẹ́ ọtí tó dára ni.

Odidi ọjọ́ márùn-ún ni ìyá ọkọ mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ. Mò ń kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọjọ́ kẹfà, nígbà tí ó tó àkókò láti rẹ ọkà fún ọ̀wẹ̀ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa agbọ̀n bọ̀ láti inú yàrá. Wọ́n gbé e ka iwájú mi, wọn kò sì fi ọwọ́ kan omi.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “wá wò ó kí n tó rẹ ẹ́.”

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́ níbi tí òòrùn wà, mo sì bi wọ́n pé oko ta ni ó ti wá.